Pópó Àgùdà ni mo sùn sí, ẹ̀yin náà ẹ lọ sùn níbẹ̀

Ẹ̀yin èèyàn wa tí a jọ wà ní London níbí, tí ẹ bá ti gbọ́ pé èèyàn ti Èkó dé, ohun tí ẹ kọ́kọ́ máa ń bi í ni pé hòtẹ́ẹ̀lì wo ló dé sí, Victoria Island ni àbí Lekki. Tí mo bá wá sọ fún yín pé gẹ́sítì háòsì kékeré kan ní Pópó Àgùdà ni, ní Lagos Island gan-an, láàárín ọjà àti ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́ṣáláṣí, ẹ máa wò mí tìyanu-tìyanu, àwọn kan tiẹ̀ ní ṣé nǹkan ò le jù fún mi ni. Owó tí mo ná ò pọ̀, òótọ́ ni, iye tí mo san lálẹ́ kan ò tó owó oúnjẹ alẹ́ láwọn hòtẹ́ẹ̀lì ńlá tí ẹ ń sọ yẹn. Ṣùgbọ́n kì í ṣe torí pé ó rọ̀ mí lọ́rùn nìkan ni mo ṣe jókòó kọ èyí. Àwọn ilé àtijọ́ tó kù l'Ékòó ń wó lọ́kọ̀ọ̀kan, mo sì ti fojú ara mi rí i pé owó àlejò wà lára ohun tó ń mú díẹ̀ nínú wọn dúró.

Ìwé ohun ìní bàbá wa tó ti di olóògbé ló gbé mi lọ. Báńkì wà ní Marina, lọ́yà wà ní Broad Street, ẹ sì mọ bí ọ̀rọ̀ báńkì ṣe máa ń rí tí ẹni tó ni owó bá ti kú, lónìí wọ́n á ní kí ẹ lọ mú ẹ̀dà ìwé kan wá, lọ́la wọ́n á ní ọ̀gá tó máa buwọ́ lù ú ò wá síṣẹ́. Àǹtí mi, àbúrò màmá mi tó ń gbé Ìkòròdú, ti tún yàrá ṣe dè mí, wọ́n ti fọ kọ́tìnì, wọ́n ti ra ẹja sínú fíríìsà. Nígbà tí mo pè wọ́n láti sọ fún wọn pé Island ni màá dé sí, wọ́n dákẹ́ fúngbà díẹ̀, wọ́n wá ní, "Ìwọ ọmọ yìí, ṣé mi ò nílé ni? Kí ni kí n sọ fáwọn aládùúgbò, pé ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ti ìlú òyìnbó dé, ó wá lọ ń sanwó láti sùn?" Mo bẹ̀ wọ́n gan-an. Mo ní Àǹtí, ẹ má bínú, láti Ìkòròdú dé Marina ní Monday àárọ̀, tí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ bá ká mi mọ́ orí Third Mainland, nígbà wo ni màá débẹ̀? Ohun tó tù wọ́n nínú ni pé mo ṣèlérí pé gbogbo Friday alẹ́ àti Saturday, ọ̀dọ̀ wọn ni màá wà, mo sì mú un ṣẹ. Ẹ̀yin tí ẹ ní ẹbí l'Ékòó, ẹ má fo ibí yìí o. Ẹ sọ fún àwọn àgbà yín kí ẹ tó sanwó yàrá, torí tó bá jẹ́ ẹnu ẹlòmíì ni wọ́n ti gbọ́, ìjà tí ò yẹ kó wà á wà.

Fún ẹni tí ò bá mọ ibẹ̀, Pópó Àgùdà ni apá Island tí Campos Square, Bamgbose Street, Igbosere àti Tokunbo Street wà, ibẹ̀ làwọn Àgùdà tẹ̀dó sí nígbà tí wọ́n ń padà bọ̀ láti Brazil àti Cuba láàárín àwọn ọdún 1800. Yorùbá ni púpọ̀ nínú wọn. Wọ́n ti kó àwọn fúnra wọn tàbí àwọn òbí wọn lẹ́rú lọ, àwọn kan ṣiṣẹ́ ra ara wọn padà, àwọn kan sì kúrò ní Bahia torí ìyà tí wọ́n fi jẹ àwọn aláwọ̀ dúdú lẹ́yìn tí àwọn Mùsùlùmí tó jẹ́ ẹrú dìde ogun ní Salvador ní 1835. Ẹ rò ó wò, kí wọ́n kó èèyàn gba orí òkun lọ, kó tún fi owó ara ẹ̀ wọkọ̀ padà gba orí òkun kan náà. Wọn ò sì padà lásán, iṣẹ́ ọwọ́ ni wọ́n mú bọ̀, bíríkìlà, káfíńtà, télọ̀. Mọ́ṣáláṣí Shitta-Bey tó wà ní Martins Street, tí wọ́n ṣí ní 1894, Àgùdà ni João Baptista da Costa tó kọ́ ọ. Ilé Olómi tó wà ní Kakawa Street, João Esan da Rocha, ọmọ Ìjẹ̀ṣà tí wọ́n kó lẹ́rú lọ sí Bahia láti kékeré, òun ló kọ́ ọ nígbà tó dé, kànga tó wà nínú ọgbà ẹ̀ làwọn ará Èkó ti ń ra omi nígbà tí omi ẹ̀rọ ò tíì sí. Mo ti gba Kakawa kọjá àìmọye ìgbà nígbà tí mo wà lọ́mọdé, ọjà Balógun là ń lọ, ẹnikẹ́ni ò nàka sí ilé yẹn hàn mí.

Ilé tí mo wá sùn sí, pẹ̀tẹ́ẹ̀sì irú tiwọn náà ni. Ògiri ẹ̀ nípọn débi pé tí ẹ bá jókòó sójú fèrèsé, ìdí yín á gbà síbẹ̀ dáadáa. Wọ́n fi síméńtì ṣe òdòdó yí àwọn fèrèsé ká, òkè ẹnu ọ̀nà tẹ̀ kọrọdọ, pákó àtẹ̀gùn sì ń dún lẹ́sẹ̀ èèyàn. Ilé ẹbí ni. Mọ́mì tó ń bójú tó o (orúkọ tí gbogbo àdúgbò ń pè wọ́n náà nìyẹn, Mọ́mì) ń gbé ìsàlẹ̀, wọ́n sì sọ àwọn yàrá òkè di ti àlejò. Bẹ́ẹ̀dì kan, fáànù kan, tábìlì, nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn, garawa méjì tó kún fún omi ní bálùwẹ̀ nítorí ìgbà tí ẹ̀rọ omi bá kọ̀. Ilẹ̀ mọ́ tónítóní, aṣọ bẹ́ẹ̀dì ń rùn ọṣẹ àti oòrùn. Kò sí AC nínú yàrá tèmi, n ò sì fi bẹ́ẹ̀ wá a, torí ògiri nípọn, òrùlé ga, atẹ́gùn ọ̀sà sì máa ń fẹ́ wọlé tó bá ti di ọ̀sán ìrọ̀lẹ́.

Iná ni kí n sọ bó ṣe rí gan-an, torí mi ò fẹ́ tan yín. NẸ́PÀ máa ń mú un lọ nígbà tó bá wù wọ́n, jẹnẹrétọ̀ Mọ́mì sì máa ń ṣiṣẹ́ láti ìrọ̀lẹ́ di nǹkan bí aago mọ́kànlá alẹ́, lẹ́yìn ìyẹn iná kékeré tó ń lo bátìrì nìkan ló kù. Látìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní 2023, ẹni tó bá ń gba owó kékeré lọ́wọ́ àlejò ò lè tan jẹ́nẹ̀ mọ́jú, ẹ má retí ẹ̀. Ẹ gba agbára sí fóònù yín kí ó tó di alẹ́, ẹ mú pawabáǹkì dání. Ariwo náà wà. Ìpè ìrun máa ń kọ́kọ́ jí mi, agogo ṣọ́ọ̀ṣì Holy Cross á tẹ̀ lé e, kẹ̀kẹ́ Márúwá á bẹ̀rẹ̀ sí í han, àwọn tó ń gbé ẹrù lọ Ìdúmọ̀tà á máa pariwo "àgò o, àgò lọ́nà!" Tẹ́lẹ̀ inú mi máa ń bàjẹ́ tí wọ́n bá jí mi kí n tó ṣetán. Níbẹ̀ yẹn, mo máa ń dùbúlẹ̀ gbọ́ ọ ni, Yorùbá tí wọ́n ń pè lójú pópó yẹn jinlẹ̀ létí mi ju gbogbo èyí tí mo ń gbọ́ lórí fóònù ní London lọ.

Ọjọ́ Sunday ló yẹ kí ẹ fẹsẹ̀ rin Island. Mo máa ń tètè kúrò ní Ìkòròdú láàárọ̀ kùtù nígbà tí ọ̀nà ṣì ṣófo, nígbà tí mo bá fi dé, ṣọ́ọ̀bù ti pa, ojú títì fẹ̀, ẹ lè gbójú sókè wo ilé láìsí pé ẹnikẹ́ni ń tì yín. Mo rìn láti Campos dé Tinubu, mo gba Broad Street lọ sí Freedom Park. Ọgbà ẹ̀wọ̀n àwọn òyìnbó amúnisìn nibẹ̀ tẹ́lẹ̀, ní 2010 ni wọ́n sọ ọ́ di ọgbà ìgbafẹ́, wọ́n ń ta oúnjẹ níbẹ̀, àwọn olórin ń kọrin. Mọ́mì ò jẹ́ kí n dá rìn níjọ́ àkọ́kọ́, ọmọ ọmọ wọn ọkùnrin ni wọ́n ní kó sìn mí, gbogbo àwọn bọ́ìsì àdúgbò tó jókòó sí ẹnu ọ̀nà sì rí i pé ilé Mọ́mì ni mo wà. Látìgbà náà, ẹni tó bá fẹ́ béèrè owó lọ́wọ́ mi, ẹlòmíì á sọ fún un pé "àlejò Mọ́mì ni o." Ẹ fi fóònù yín sápò ní CMS àti Ìdúmọ̀tà ṣá, ìyẹn kì í ṣe ohun tó yẹ ká ṣẹ̀ṣẹ̀ máa sọ.

Good Friday bá mi níbẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ mọ Àgùdà á ti mọ ohun tó kàn: fréjọ̀n. Láti alẹ́ Thursday ni wọ́n ti rẹ ẹ̀wà, wọ́n sè é títí ó fi rọ̀, wọ́n lọ̀ ọ́, wọ́n wá po ó mọ́ omi àgbọn tí wọ́n fọwọ́ fún, wọ́n fi ṣúgà sí i, wọ́n rò ó lórí iná títí ó fi dán. Ẹja díndín àti ọbẹ̀ ata ni wọ́n fi jẹ ẹ́, wọ́n sì bu gàrí lé e lórí. Ó dùn, ó tún ta, lẹ́ẹ̀kan náà. Àǹtí mi tó bínú sí mi yẹn, mo ní kí wọ́n wá, wọ́n sì wá, pẹ̀lú gèlè. Mọ́mì bu fréjọ̀n fún wọn, àwọn méjèèjì bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀, wọ́n rí i pé ọdún kan náà ni wọ́n jáde ilé ìwé, ó di aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ kí Àǹtí tó rántí pé ilé wọn jìn.

Ọjọ́ yẹn náà ni Mọ́mì sọ ọ̀rọ̀ ilé fún wa. Ilé ẹbí ni mo pè é, ẹ sì mọ ohun tíyẹn túmọ̀ sí, ọmọ àti ọmọ ọmọ ti pọ̀, àwọn kan wà ní Amẹ́ríkà, àwọn kan wà níbí lọ́dọ̀ wa, púpọ̀ nínú wọn ò tíì sùn nínú ilé yẹn rí. Lọ́dọọdún ni ẹnì kan máa ń wá tó fẹ́ rà á, ilé ọjà alájà mẹ́rin ló fẹ́ kọ́ síbẹ̀, ilẹ̀ Island sì lówó lórí gan-an. Tí ìpàdé ẹbí bá ti bẹ̀rẹ̀, ẹnì kan á ní ká tà á ká pín owó, èrè wo ni ilé yìí ń mú wá? Ìwé ìṣirò ni Mọ́mì máa ń gbé síwájú wọn. Owó yàrá ni wọ́n fi pààrọ̀ páànù òkè, owó yàrá ni wọ́n fi san bíríkìlà tó tún ògiri ẹ̀yìn ṣe, bàbá àgbàlagbà kan tó mọ ilé amọ̀, ó ní àwọn tó wá ṣíwájú òun kàn ń rẹ́ síméńtì líle lé e ni, omi ń há sínú ògiri, amọ̀ ń jẹrà lẹ́yìn síméńtì láìsí pé ẹnikẹ́ni rí i. Níwọ̀n ìgbà tí ilé bá ń mówó wọlé, ẹnu ẹni tó fẹ́ tà á ò ní ràn. Àwọn ọ̀rọ̀ Mọ́mì nìyẹn.

Ẹ má sì rò pé ìjọba á dá nìkan gbà wọ́n là. Ilojo Bar, ilé Àgùdà tó wà ní Tinubu Square, 1855 ni wọ́n kọ́ ọ, Casa do Fernandez ni wọ́n ń pè é, ìjọba kéde ẹ̀ ní ohun ìrántí orílẹ̀-èdè ní 1956. Ní September 2016, wọ́n wó o lulẹ̀. London ni mo wà, mo rí fọ́tò ẹ̀ lórí Facebook, gbogbo wa kọ "ó mà ṣe o" sábẹ́ ẹ̀, àwa tí a ń sanwó wọ ilé àtijọ́ àwọn òyìnbó kiri, a ò ná kọ́bọ̀ rí sí èyí tó jẹ́ tiwa. Ìdí tí inú fi ń bí mi nìyẹn tí ẹ bá ń rò pé ìyà ló gbé mi lọ Pópó Àgùdà.

Tí ẹ bá wá fẹ́ lọ, púpọ̀ nínú irú ilé bẹ́ẹ̀ ni ò sí lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹnu ni wọ́n fi ń júwe ẹ̀, ẹ bi àwọn ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó tí ẹ mọ̀. Ẹ pè wọ́n lórí WhatsApp, ẹ ní kí wọ́n fi fídíò yàrá àti bálùwẹ̀ ránṣẹ́, ẹ béèrè wákàtí tí jẹ́nẹ̀ ń ṣiṣẹ́ àti bóyá omi ń yọ dé òkè. Ẹ má gbé mọ́tò lọ, kò síbi tí ẹ máa gbé e sí, tí òjò bá sì rọ̀ àgbàrá máa ń gba àwọn òpópónà kan. Tí ẹ bá ní ohun tí ẹ fẹ́ ṣe lápá Orílé tàbí Mile 2, rélùwéè tuntun tó bẹ̀rẹ̀ ní 2023 ń gbéra láti Marina, ẹ ra káàdì Cowry tí wọ́n fi ń san owó ọkọ̀, orí omi ló máa gbé yín gbà. Tíráńsífà ni Mọ́mì fẹ́ràn ju owó pépà lọ. Ti December, ẹ yáa san ìdajì sílẹ̀ láti October, torí gbogbo ayé ló ń bọ̀ nígbà yẹn, ẹ sì ní yàrá ẹ̀yìn ni ẹ fẹ́ tí oorun yín ò bá wúwo.