Kúọ́tísì Ṣàbẹ́: ìsàlẹ̀ ti parí, ó ku orí

Ọjọ́ Àìkú

Kúọ́tísì, òkúta tó mọ́ bíi dígí, tí mo ṣà nísàlẹ̀ òkè Ṣàbẹ́ láti gé di òkúta ọ̀ṣọ́, ti dúró lórí ọ̀pá irin rẹ̀ báyìí, ìda ló dì í mú. Inú rẹ̀ mọ́ gaara, àfi àbàwọ́n kan létí tí àwo ìlọ̀kúta, irin pẹlẹbẹ tó ń yí, máa lọ̀ dànù. Ìdagẹ̀rẹ̀ dígírì 43 ni mo mú fún àwọn ojú pẹlẹbẹ tí màá gé sí ìsàlẹ̀, mi ò sì ní yẹ̀ kúrò lórí ẹ̀.

Àwọn tó ń wò mí rò pé tí mo bá ti dán òkè dáadáa, iṣẹ́ bùṣe. Òkè kàn ń gba ìmọ́lẹ̀ wọlé ni. Ìsàlẹ̀ ló ń dá a padà. Ẹ fojú inú wo ìlà kan tó dúró ṣánṣán sí ojú òkúta. Bí ìmọ́lẹ̀ tó wà nínú kúọ́tísì bá fi ju dígírì 40.4 yẹ̀ kúrò lára ìlà yẹn nígbà tó bá kan ojú náà, kò ríbi jáde. Á ta padà, á kan ojú òdìkejì, á tún ta padà, á wá gba òkè jáde bá ẹni tó ń wò ó. Bí kò bá tó bẹ́ẹ̀, èyí tó pọ̀ jù máa gba ìsàlẹ̀ sá lọ, àárín òkúta á sì là sílẹ̀ bíi fèrèsé.

Ó rọrùn fún díámọ́ńdì láti dá ìmọ́lẹ̀ padà ju bẹ́ẹ̀ lọ: 24.4 péré ni tirẹ̀. Bí ìmọ́lẹ̀ bá ṣe ń lọ́ra tó nínú òkúta ni ìwọ̀n yẹn ń kéré tó. Ìmọ́lẹ̀ tó ń sáré tó 300,000 kìlómítà ní ìṣẹ́jú àáyá kan nínú afẹ́fẹ́ ń rọra lọ ní 124,000 nínú díámọ́ńdì. Nínú kúọ́tísì, bíi 194,000 ni.

Ọjọ́rú

Àwo 600, 1200, 3000 (bí nọ́ńbà bá ṣe ga tó ni àwo ń kúnná tó), lẹ́yìn náà lẹ́búlẹ́bú cerium oxide tí a fi ń dán òkúta. Ibi 3000 ni mo ti pẹ́ jù, torí ìlà tín-ín-rín kan tó bá ṣẹ́kù máa ń tú ìmọ́lẹ̀ ká. Mo yọ òkúta kúrò lórí ọ̀pá, mo fomi pa òkè rẹ̀ tí ò tíì dán kí ìmọ́lẹ̀ lè wọlé, àbúrò mi sì gbé e lé ìwé ìròyìn.

“Ẹ̀gbọ́n, mi ò rí lẹ́tà kankan kà lábẹ́ ẹ̀ o!”

Ohun tí mo ń fẹ́ gan-an nìyẹn. Inú mi dùn dọ́ba.

Àwọ̀ òṣùmàrè ò ní pọ̀ lára ẹ̀. Agbára tí òkúta fi ń ya àwọ̀ ìmọ́lẹ̀ sọ́tọ̀ jẹ́ 0.044 nínú díámọ́ńdì, 0.013 nínú kúọ́tísì. Funfun ló máa kọ, ó sì tẹ́ mi lọ́rùn bẹ́ẹ̀.

Lọ́la, màá yí i, màá lẹ ìsàlẹ̀ mọ́ ọ̀pá, kí n tó bẹ̀rẹ̀ orí ní dígírì 42.