Afẹ́fẹ́ Ló Ń Pàṣẹ fún Dádì: Ìrìnàjò Wa ní Etíkun Dalmatia

Nílé wa, bí Dádì bá ti sọ̀rọ̀, abẹ gé e. Bí wọ́n bá ní aago méje la máa jáde, aago méje náà ni, ẹni tí kò bá tíì wọ bàtà á lọ wọ̀ ọ́ nínú mọ́tò. Ìdí nìyí tó fi yà mí lẹ́nu pé nígbà tí a fi wà nínú ọkọ̀ ìgbòkun ní etíkun Dalmatia, lórílẹ̀-èdè Kroatíà, léraléra ni wọ́n ń yí ìpinnu wọn padà, tí wọn kò sì bá ẹnikẹ́ni jà sí i.

Ìlú Split la ti gba ọkọ̀. Wọn kì í ṣàdédé gbé ọkọ̀ léni lọ́wọ́ níbẹ̀: ẹni tó máa tù ú gbọ́dọ̀ ní ìwé àṣẹ, ó sì gbọ́dọ̀ ní ìwé ẹ̀rí pé òun mọ rédíò ojú omi lò. Dádì ní méjèèjì. Mọ́mì kò ní ìkankan, wọ́n sì ti sọ ọ́ láti ilé pé nítorí àwa ọmọ làwọn ṣe ń bá wọn lọ.

Kò sẹ́ni tó sọ fún mi tẹ́lẹ̀ bí inú ọkọ̀ ṣe ń rí, torí náà ẹ jẹ́ kí n sọ fún yín. Iwájú pátápátá ni yàrá èmi àti àbúrò mi ọkùnrin wà, níbi tí ọkọ̀ ti ṣe ṣóńṣó, ẹsẹ̀ wa sì ń pàdé ní ìkángun bẹ́ẹ̀dì. Ìjà ni lálaalẹ́. Ọwọ́ la fi ń fa omi ilé ìgbọ̀nsẹ̀: èèyàn á di ọ̀pá kan mú, á máa fà á sókè, á máa tì í sílẹ̀, títí apá á fi máa ro ó. Omi inú táǹkì kò pọ̀, nítorí náà Mọ́mì ń wọn omi ìwẹ̀ fún wa bí ẹni wọn oògùn fún ọmọ ọwọ́. Bí afẹ́fẹ́ bá sì ti kún ìgbòkun, ọkọ̀ á dà sí ẹ̀gbẹ́ kan, ohun tí a kò bá dè mọ́lẹ̀ á yọ̀ bọ́. Dádì ṣàlàyé pé irin wúwo kan wà lábẹ́ ikùn ọkọ̀ tí kò ní jẹ́ kó dojú dé. Ó yé mi. Síbẹ̀, mi ò jẹ́ kí ọwọ́ mi kúrò lára irin.

Erékùṣù Vis ni Dádì fẹ́ kí a kọ́kọ́ lọ. Ṣùgbọ́n bí a ṣe kúrò ní Split, wọ́n bojú wẹ̀yìn, wọ́n rí ìkuukùu funfun kan tó jókòó sórí Mosor, òkè gíga 1,339 mítà tó wà lẹ́yìn ìlú náà. Wọ́n tan rédíò, ẹni tó ń ka ìròyìn ojú ọjọ́ ní bura ń bọ̀. Afẹ́fẹ́ tútù ni bura, láti àríwá ìlà-oòrùn ló ti ń já bọ́ láti orí àwọn òkè wọ̀nyẹn. Ojú ọ̀run lè mọ́ kedere kó máa lu òkun ní àlùbolẹ̀. Bí a ṣe fi Vis sílẹ̀ nìyẹn. Erékùṣù Brač la yà sí, níbi tí òkun ti ya wọnú ilẹ̀ nítòsí Milna.

Iṣẹ́ èmi àti àbúrò mi ni pé ká dùbúlẹ̀ sí imú ọkọ̀, ká máa wá iyanrìn. Koríko kan tí wọ́n ń pè ní Posidonia ń hù nísàlẹ̀ òkun ibẹ̀. Ìdákọ̀ró kì í mú dáadáa nínú rẹ̀, òfin sì ń dáàbò bò ó, torí inú rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ẹja kéékèèké ń sá pamọ́ sí. Ibi tó bá jẹ́ koríko á ṣókùnkùn, ibi tó bá jẹ́ iyanrìn á mọ́ roro. Ilẹ̀ ti ń ṣú nígbà tí a dé. Àbúrò mi nawọ́: “Iyanrìn nìyẹn, mo búra!” Dádì sọ ìdákọ̀ró sílẹ̀ nínú omi mítà 8, wọ́n tú ṣéènì mítà 40 tẹ̀ lé e, torí ṣéènì tó bá sùn gbọọrọ sílẹ̀ ni kì í jẹ́ kí ọkọ̀ fa ìdákọ̀ró tu.

Láàárín òru ni bura dé. Ó ń fẹ́, ó ń dákẹ́, ó tún ń bú, okùn sì ń na òpó ìgbòkun lẹ́gba. Mo rò pé gbogbo wọn ti sùn, àfi bí mo ṣe yọjú tí mo rí Mọ́mì lókè, wọ́n fi búláńkẹ́ẹ̀tì bora, wọ́n tẹjú mọ́ etí omi. Iná kan ń tàn lẹ́nu ọ̀nà ilé kan níbẹ̀, igi kan sì dúró níwájú rẹ̀. Wọ́n ní bí ọkọ̀ bá ń fì, iná á máa yọ lẹ́yìn igi, á sì tún padà. Ọjọ́ tó bá yọ tí kò padà, a ti ń lọ nìyẹn. Èmi náà jókòó tì wọ́n. Iná yọ. Kò padà.

“Olówó orí mi,” Mọ́mì pè, ohùn wọn kò tilẹ̀ ga, “ọkọ̀ ń lọ o.”

Dádì sáré lọ síwájú láti fa ìdákọ̀ró, ó wá di dandan kí Mọ́mì mú sítíárìn. Èmi ń tan tọ́ọ̀ṣì. Nígbà tí ìdákọ̀ró jáde, ìtí koríko ló wé mọ́ ọn. Ẹni tó búra ń hanrun nísàlẹ̀. Ìgbà kejì tí Dádì sọ ọ́, ó mú. Láti òru yẹn, sítíárìn kò fẹ́rẹ̀ẹ́ kúrò lọ́wọ́ Mọ́mì mọ́, tèmi ni pé wọ́n mọ̀ ọ́n tù ju Dádì lọ. Ẹ má sọ fún wọn.

Ìgbà tí bura rọlẹ̀ la wá tó dé Vis. Ibùdó ológun Yugoslavia, orílẹ̀-èdè tí Kroatíà wà nínú rẹ̀ nígbà yẹn, ni erékùṣù náà tẹ́lẹ̀; títí di 1989, àlejò láti ilẹ̀ òkèèrè kò gbọ́dọ̀ tẹ̀ ẹ́. Wọ́n gbẹ́ ihò gbọọrọ sínú àpáta létí òkun fún ọkọ̀ ogun abẹ́ omi. Àbúrò mi pariwo sínú rẹ̀, ariwo náà sì lọ jìnnà kó tó padà.

Láti Vis, afẹ́fẹ́ maestral ló gbé wa lọ sí erékùṣù Korčula. Afẹ́fẹ́ tí mo fẹ́ràn jù nìyẹn. Bí oòrùn bá ti mú ilẹ̀ gbóná, afẹ́fẹ́ orí ilẹ̀ á gòkè, ti orí òkun á wá rọ́ wọlé dípò rẹ̀. Òwúrọ̀ kì í sí nǹkan kan, ọ̀sán ló ń le, ìrọ̀lẹ́ á sì dákẹ́. Máìlì òkun 6 ní wákàtí kan là ń sáré. Àbúrò mi ṣírò rẹ̀, ó ní ẹni tó bá gun kẹ̀kẹ́ á yà wá sílẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí a wọ àárín Korčula àti ilẹ̀ Pelješac tó dojú kọ ọ́, òkè há ọ̀nà mọ́ afẹ́fẹ́, ó sì le sí i. Àwọn tó ń dúró lórí pátákó onígbòkun ń fò kọjá níwájú wa, omi ń ta sí wa lójú, Mọ́mì sì ń rẹ́rìn-ín sókè. Ní ìlú Korčula, àwọn tó kọ́ ọ láyé àtijọ́ ti ro ti afẹ́fẹ́ náà mọ́ ọn: òpópónà apá ìwọ̀-oòrùn tọ́ gbọọrọ kí maestral lè wọlé, ti apá ìlà-oòrùn tẹ̀ kí bura má baà ráyè.

Erékùṣù Mljet ló kàn, mo sì ti ka gbogbo nǹkan nípa rẹ̀: ọgbà ìtọ́jú ohun àdáyébá láti 1960, adágún omi iyọ̀ méjì, àti erékùṣù kékeré kan láàárín adágún. Mi ò rí i. Afẹ́fẹ́ jugo ti bẹ̀rẹ̀ láti gúúsù ìlà-oòrùn, ìyẹn kì í já luni bí bura, ó ń gba ọjọ́ bíi mélòó kan kó tó dàgbà, ìkuukùu á bolẹ̀, ìgbì á máa ga sí i. Dádì wo máàpù, wọ́n wo ojú ọ̀run, wọ́n ká máàpù. Inú bí mi gan-an. Jugo tì wá lẹ́yìn títí a fi ń sún mọ́ Split, ìgbì ń gbé ìdí ọkọ̀ sókè, àbúrò mi sì ń bì. Mọ́mì ní kó tẹjú mọ́ ibi tí òkun ti pàdé ọ̀run, kí ojú rẹ̀ lè rí ìfì tí inú etí rẹ̀ ń mọ̀ lára. Ó ṣiṣẹ́ díẹ̀.

Kí a tó dá ọkọ̀ padà, a rọ dísù kún táǹkì, ọkùnrin kan sì wọ abẹ́ omi lọ wo ikùn ọkọ̀, bóyá a ti fi ha àpáta. Dádì ń rìn síwá sẹ́yìn létí omi títí ó fi yọrí tó ní kò sí nǹkan kan. Nígbà tí a wo ẹ̀yìn, Mọ́mì kò sí lọ́dọ̀ wa. Wọ́n wà lẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì, wọ́n ń béèrè lọ́wọ́ ọmọbìnrin ibẹ̀ ohun tí èèyàn máa ṣe kó tó gba ìwé àṣẹ ìtukọ̀.