Ìṣó gún ìyá, kò mọ̀

Ní àárọ̀ òní, ní Kétu, ìyá àgbà kan bọ́ bàtà níwájú wa. Ìṣó ti gún un ní àtẹ́lẹsẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ti gbẹ mọ́ ọn. "Kò dùn mí rárá, ọmọ mi."

Iṣẹ́ àtọ̀gbẹ nìyẹn. Bí ṣúgà bá pọ̀ lẹ́jẹ̀ pẹ́, á ba iṣan tó ń jẹ́ ká mọ ìrora jẹ́, á sì dín ẹ̀jẹ̀ tó ń dé ẹsẹ̀ kù. Egbò ò ní dùn, kò sì ní tètè jiná. Fún ọ̀pọ̀ àgbàlagbà tó ní àtọ̀gbẹ, kí ṣúgà àárọ̀, kí wọ́n tó fẹnu kan nǹkan, wà láàárín 0,80 sí 1,30 gíráàmù nínú lítà kan. Ti arúgbó lè yàtọ̀, dókítà ni yóò sọ.

Lálaalẹ́, ẹ fi omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ wẹ ẹsẹ̀. Ìgúnpá ni kí ẹ fi tọ́ omi wò, torí ẹsẹ̀ tó ti kú ò mọ gbígbóná. Ẹ nu àárín ọmọ ìka gbẹ dáadáa. Òrí dára fún gìgísẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ má fi sáàárín ìka, ibẹ̀ ló máa ń rà. Ẹ fi dígí wo àtẹ́lẹsẹ̀, tàbí kí ọmọ ilé bá yín wò ó. Ẹ gbọn bàtà kí ẹ tó wọ̀ ọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi abẹ gé awọ tó yi!

Bí egbò bá wà, ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an. Ẹ má dúró de ìrora.