Svalbard: Ẹ Mú Oṣù Kẹ́ Ẹ Tó Mú Òtẹ́ẹ̀lì

Bí mo bá ti sọ pé Svalbard ni èmi àti àbúrò mi ọkùnrin ń múra àtilọ, ìbéèrè tó máa ń tẹ̀ lé e ni iye tí òtẹ́ẹ̀lì ibẹ̀ jẹ́. Mi ò kì í dáhùn. Oṣù wo lẹ fẹ́ lọ? Ìyẹn lèmi náà máa ń bi wọ́n. Ibi tí oòrùn ti lè wọ̀ ní ìparí oṣù Kẹwàá, kó má sì yọ mọ́ títí di àárín oṣù Kejì ọdún kejì, kì í ṣe ibi téèyàn ń ti orí owó yàrá bẹ̀rẹ̀ ìṣirò. Oṣù tẹ́ ẹ bá mú ló máa sọ ohun tẹ́ ẹ máa rí, aṣọ tẹ́ ẹ máa wọ̀, àti bóyá ajá ló máa fà yín kiri àbí ọkọ̀ ojú omi ló máa gbé yín.

Fún ẹni tí kò bá mọ ibẹ̀, àwọn erékùṣù kan ni, wọ́n wà láàárín Nọ́wè àti ìkángun ayé níhà àríwá. Àdéhùn tí wọ́n fọwọ́ sí lọ́dún 1920 ló fi wọ́n sábẹ́ Nọ́wè. Longyearbyen ni ìlú tó tóbi jù níbẹ̀, àwọn tó ń gbé inú rẹ̀ ò sì ju nǹkan bí 2,500 lọ. Ará Amẹ́ríkà kan, John Munro Longyear, ló dá a sílẹ̀ lọ́dún 1906 nítorí èédú inú ilẹ̀. Lọ́dún 2025 ni wọ́n ti ibi ìwakùsà èédú Nọ́wè tó kù gbẹ̀yìn níbẹ̀ pa, nítorí náà ìwádìí ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì àti owó àwa àlejò ni ìlú náà gbójú lé báyìí. Kò sí títì tó so ó mọ́ ìletò mìíràn kankan. Ibi tí ọ̀dà bá pin sí, ibẹ̀ ni ìrìn àjò gan-an ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká padà sórí oṣù.

Láti àárín oṣù Kọkànlá títí dé ìparí oṣù Kìíní, ọ̀sán gan-an dúdú bí òru ni. Àkókò yìí ni àbúrò mi kọ́kọ́ fẹ́, nítorí ó kà á pé èèyàn lè rí ìmọ́lẹ̀ àríwá, àwọn àwọ̀ ewé tó ń jó lójú ọ̀run yẹn, ní agogo méjìlá ọ̀sán. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n àwọn òkè àti yìnyín tá a tìtorí wọn fẹ́ lọ ńkọ́? Ìdá mẹ́ta nínú márùn-ún ilẹ̀ Svalbard ló wà lábẹ́ àwọn òkìtì yìnyín ńláńlá tí kì í yọ́ tán. Bí n ó bá san irú owó yẹn, mo fẹ́ fojú mi rí i, mi ò fẹ́ kí amọ̀nà máa fi tọ́ọ̀ṣì júwe rẹ̀ fún mi.

Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn wọn, láti àárín oṣù Karùn-ún dé oṣù Kẹsàn-án, dára fún ẹni tó fẹ́ràn ọkọ̀ ojú omi, ẹyẹ, àti fífi ẹsẹ̀ rìn. Oòrùn kì í wọ̀ rárá láti nǹkan bí ogúnjọ́ oṣù Kẹrin títí di nǹkan bí ọjọ́ kejìlélógún oṣù Kẹjọ. Ooru oṣù Keje wọn, tá a bá pín in dọ́gba, jẹ́ nǹkan bí ìwọ̀n 7, ìyẹn tí wọ́n ń pè ní ooru. Àmọ́ ìrì dídì ti yọ́ lágbègbè ìlú nígbà náà. Kẹ̀kẹ́ tó ní táyà làwọn ajá ń fà, alùpùpù orí yìnyín sì wà nílé.

Oṣù Kẹta la mú. Ìrì dídì ṣì nípọn, oòrùn sì ti dé. Nítorí àwọn òkè tó yí ìlú ká, ọjọ́ kẹjọ oṣù Kẹta ni ìtànṣán oòrùn máa ń kan àtẹ̀gùn ilé ìwòsàn àtijọ́ tó wà níbẹ̀, gbogbo ìlú, tọmọdé tàgbà, á sì péjọ síbẹ̀ láti dúró dè é. Ọ̀sẹ̀ kan gbáko ni wọ́n fi ń ṣàjọyọ̀ rẹ̀, Solfestuka ni wọ́n ń pè é. Lẹ́yìn ìyẹn, ìmọ́lẹ̀ á máa fi ju ogún ìṣẹ́jú lọ gùn sí i lójoojúmọ́. Bó bá fi máa di àárín oṣù Kẹrin, òru ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán nílẹ̀, ìmọ́lẹ̀ àríwá ò sì ṣeé rí mọ́. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ ọ̀sẹ̀ kẹta oṣù Kẹta ni mo fa ìlà sí lábẹ́ nínú ìwé mi: ọ̀sán wà, òru náà sì wà. Ẹ̀wẹ̀, ẹ yẹra fún ọ̀sẹ̀ Àjíǹde. Àwọn ará Nọ́wè fúnra wọn ń gba ìsinmi nígbà yẹn, yàrá a sì gbówó lórí ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Nípa ìmọ́lẹ̀ àríwá yẹn, ẹ má ṣe rò pé béèyàn bá ṣe ń sún sí àríwá tó ló ṣe máa rí i tó. Bí òrùka ló ṣe yí orí ayé ká, Svalbard sì ti sábà máa ń ré kọjá òrùka náà lóru. Tromsø, tó wà lórí ilẹ̀ Nọ́wè gan-an, ló bọ́ sábẹ́ rẹ̀. Bàálù kì í ju wákàtí kan ààbọ̀ tàbí díẹ̀ sí i lọ láti Tromsø dé Longyearbyen, láti Oslo sì tó wákàtí mẹ́ta. A ti ṣètò pé a máa sun Tromsø nígbà tá a bá ń padà bọ̀, ká lè wojú ọ̀run níbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ físà wá kù, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ń ṣì mú.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ṣebí wọ́n ní Svalbard ò gba físà?"

"Kò gbà á lóòótọ́. Atẹ́gùn wo ló máa gbé ẹ débẹ̀?"

Kò sí ẹni tó nílò físà láti gbé ní Svalbard, orílẹ̀-èdè yòówù kó ti wá. Ṣùgbọ́n orí ilẹ̀ Nọ́wè ni bàálù tá a máa wọ̀ ti ń gbéra, Nọ́wè sì wà nínú Schengen, àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù tí físà kan náà ń kárí. Svalbard kò sí nínú rẹ̀. Nítorí náà, bẹ́ ẹ bá balẹ̀ sí Oslo, ẹ ti wọlé lẹ́ẹ̀kan. Bẹ́ ẹ bá wọkọ̀ lọ sí Longyearbyen, ẹ ti jáde, wọ́n á sì yẹ páàsípọ́ọ̀tì yín wò. Bẹ́ ẹ bá ń padà, ìwọlé kejì nìyẹn. Ẹni tí físà rẹ̀ jẹ́ ìwọlé ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ò lè gba ibẹ̀ kọjá. Nínú fọ́ọ̀mù, ìwọlé méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ni kẹ́ ẹ béèrè fún, kẹ́ ẹ sì ṣàlàyé Svalbard sínú lẹ́tà ìrìn àjò yín kedere. Owó físà àgbàlagbà jẹ́ 90 yúrò láti oṣù Kẹfà 2024. Ẹ lè fi ìwé sílẹ̀ láti oṣù mẹ́fà ṣáájú ìrìn àjò, kò sì gbọ́dọ̀ kéré sí ọjọ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kẹ́ ẹ tó gbéra. Ìwé adójútòfò ìlera tó tó 30,000 yúrò náà jẹ́ dandan.

Owó tó kù ńkọ́? Èrò tèmi ni pé kéèyàn fi owó bẹ́ẹ̀dì ra amọ̀nà. Ilé tí àwọn awakùsà ń gbé nígbà kan wà lókè àfonífojì, ní àdúgbò tí wọ́n ń pè ní Nybyen. Wọ́n ti sọ díẹ̀ nínú wọn di ilé àlejò, pẹ̀lú balùwẹ̀ àjùmọ̀lò àti ibi ìdáná tí gbogbo èèyàn ń lò. Ó jìnnà díẹ̀ sí àárín ìlú, yàrá rẹ̀ kéré, ó tó wa. Ibi ìdáná yẹn ni mo tìtorí rẹ̀ mú un. Svalbard kò ní owó orí ọjà bíi ti ilẹ̀ Nọ́wè, ṣùgbọ́n ọkọ̀ òkun tàbí bàálù ló ń gbé èso àti ẹ̀fọ́ débẹ̀, owó ẹrù sì wà nínú gbogbo tòmátì. Jíjẹun ní ilé oúnjẹ lójoojúmọ́ yóò gbẹ àpò. A óò máa sè.

(Wọ́n á ní kẹ́ ẹ bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà òtẹ́ẹ̀lì, ilé àlejò àti mùsíọ́ọ̀mù. Àṣà tó kù láti ìgbà tí eruku èédú wà lẹ́sẹ̀ gbogbo èèyàn ni. Ẹ kó ìbọ̀sẹ̀ tí kò lu dání.)

Kí nìdí tí mo fi ń tẹnu mọ́ amọ̀nà? Nítorí béárì funfun. Bẹ́ ẹ bá ti fẹ́ kọjá ìpẹ̀kun ìlú, òfin ní kẹ́ ẹ ní ohun tó yẹ láti fi lé béárì. Gómìnà ibẹ̀, tí wọ́n ń pè ní Sysselmester, sì gbani nímọ̀ràn pé kẹ́ ẹ gbé ìbọn. Àkọlé tó ní àwòrán béárì wà ní etí ìlú. Ohun tí wọ́n kọ sára rẹ̀ ni pé ìkìlọ̀ náà kan gbogbo Svalbard. Gbogbo ẹni tó débẹ̀ ló ń ya fọ́tò pẹ̀lú rẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe ohun ọ̀ṣọ́. Èmi ò mọ ìbọn yìn, àbúrò mi náà ò mọ̀ ọ́n, nítorí náà ẹni tó mọ̀ ọ́n la máa sanwó fún. Ẹ tún ṣọ́ra fún àwọn tó bá ń ṣèlérí pé ẹ máa rí béárì nítòsí. Láti ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní 2025, èèyàn ò gbọ́dọ̀ sún mọ́ béárì ju 300 mítà lọ, ó sì di 500 mítà láti ọjọ́ kìíní oṣù Kẹta dé ọgbọ̀njọ́ oṣù Kẹfà. Oṣù tiwa bọ́ sínú ìyẹn.

Àbúrò mi fẹ́ ká pa àgọ́. Ibùdó àgọ́ kan wà nítòsí pápákọ̀ òfuurufú, ó sì dín owó kù. Mo fi ìròyìn oṣù Kẹjọ 2020 hàn án: béárì pa ọkùnrin kan nínú ibùdó yẹn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí bàálù ń balẹ̀ sí. Ó dákẹ́.

Ohun tá a wá fẹnu kò sí ni pé ká lọ sínú ihò inú yìnyín ní Larsbreen tàbí Longyearbreen, àwọn òkìtì yìnyín tó wà lẹ́yìn ìlú. Ẹsẹ̀ la máa fi rìn dé ibẹ̀ pẹ̀lú amọ̀nà, kò sì gbówó tó àwọn yòókù. Lẹ́yìn ìyẹn, àwọn ajá ní àfonífojì Adventdalen: ẹnì kan jókòó, ẹnì kejì dúró lẹ́yìn ó ń darí. Lẹ́yìn náà, alùpùpù yìnyín, tí àwọn ará ibẹ̀ ń pè ní scooter. Ẹni tí kò bá ní láìsẹ́ǹsì ò lè wà á, torí náà ẹ̀yìn mi ni àbúrò mi máa jókòó sí. Iye tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ èrò ẹ̀yìn kéré sí ti awakọ̀, inú mi dùn síyẹn, inú tiẹ̀ ò dùn.

Aṣọ: ẹ má wọ òwú mọ́ ara, bó bá ti gba òógùn, ó di yìnyín lọ́rùn yín. Irun àgùntàn ni kó kan ara. Ìwọ̀n -20 kì í ṣe ohun ìyanu níbẹ̀ nínú oṣù Kẹta, ẹ ò sì tíì ka atẹ́gùn orí scooter mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n ẹ má lọ ra aṣọ ńlá òkè tàbí bàtà ńlá. Àwọn tó ń gbéni jáde máa ń yáni lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá ti sanwó ìrìn.

Màmá wa gbọ́ lẹ́nu ẹnì kan pé òfin ò gbà kéèyàn kú ní Svalbard. Ó ní, "Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ẹ ò ní í kú níbẹ̀, ẹ ò sì ní í kú níbòmíì." Kò sí òfin tó jọ ọ́. Ohun tó wà ni pé ilé ìwòsàn ibẹ̀ kéré, àìsàn tó bá le, Tromsø ni wọ́n ń fi bàálù gbé e lọ, nǹkan bí ẹgbẹ̀rún kìlómítà. Àwọn aláboyún pàápàá máa ń lọ bí sí ilẹ̀ Nọ́wè. Fún ìdí yìí, adójútòfò tó kan físà nìkan ò tó. Ẹ wò ó bóyá ó kan fífi bàálù gbé aláìsàn, àti bóyá ó mẹ́nu ba scooter àti ajá, torí ọ̀pọ̀ ló máa ń yọ irú eré bẹ́ẹ̀ sílẹ̀.

Ohun tó ṣì ń fa àríyànjiyàn láàárín wa ni Barentsburg, ìletò awakùsà àwọn ará Rọ́ṣíà lórí erékùṣù kan náà. Àdéhùn 1920 yẹn ló jẹ́ kí wọ́n lè wà níbẹ̀. Odidi ọjọ́ kan lórí scooter ni, nǹkan bí ọgọ́ta kìlómítà ní àlọ nìkan, nítorí àbúrò mi fẹ́ rí ère Lenin láàárín ìrì dídì. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún krone, owó Nọ́wè, ni. Mo ní kó lọ ṣírò owó tiẹ̀ wá. Ó ṣì ń ṣírò.