Kí Ni Orúkọ Ọkọ Sílífá? Àyẹ̀wò Ọdún Mi

Lálẹ́ ọjọ́ Jímọ̀ àkọ́kọ́ nínú oṣù Ṣẹ́rẹ́, lẹ́yìn tí àwọn ọmọ iṣẹ́ mi ti gbálẹ̀ ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n sì ti lọ sílé, mo jókòó ti másíìnì, mo ka orí kìíní ìtàn kan sínú fóònù, mo sì fi í ránṣẹ́ sí èèyàn mẹ́tàdínlógún lórí WhatsApp. Àwọn oníbàárà mi ni, àti àbúrò mi obìnrin tó wà ní Ìlọrin, àti àwọn tí a jọ kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ọ̀gá kan náà. Kí oṣù Òkúdu tó parí, àwọn tí mi ò mọ̀ rí ti ń pè mí láti Èkó àti láti London, wọ́n ń bi mí pé ṣé wọ́n máa mú Àdìgún. Mo ti ń ránṣọ láti ọdún mọ́kàndínlógún sẹ́yìn. Kò sí ọdún tí iṣẹ́ ọwọ́ mi dùn mọ́ mi nínú tó ọdún yìí, kò sì sí èyí tó dẹ́rù bà mí tó o.

Fún ẹ̀yin tí ẹ kò bá wa bẹ̀rẹ̀: télọ̀ ni Àdìgún, ní Òjé, níbi tí wọ́n ti ń ta aṣọ òkè n'Ìbàdàn. Ọwọ́ rẹ̀ mọ́, kì í já oníbàárà kulẹ̀, kì í pariwo lé ọmọ iṣẹ́ lórí. Ṣùgbọ́n lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, nígbà mìíràn lẹ́ẹ̀mejì, ẹnìkan á gbé owó wá fún un nínú ọ̀rá dúdú, ẹlòmíràn á sì kú. Ní orí kìíní, ó pa ọkùnrin kan tó ń ta pákó ní Bódìjà. Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì, obìnrin kan gbé aṣọ wá, ó ní kí ó bá òun rán an kíákíá, òun ń ṣe opó. Àdìgún na tépù lé e léjìká. Ìgbà tó béèrè àdúgbò rẹ̀, kó lè kọ ọ́ sínú ìwé ìwọ̀n, ló tó mọ opó ẹni tó dúró níwájú òun. Sílífá lorúkọ rẹ̀. Ibẹ̀ ni ìfẹ́ náà ti bẹ̀rẹ̀.

Mùsùlùmí ni Sílífá, nítorí náà oṣù mẹ́rin àti ọjọ́ mẹ́wàá ni opó rẹ̀. Láàárín ìgbà yẹn kò gbọdọ̀ ṣe ọ̀ṣọ́, kò gbọdọ̀ lo lọ́fínńdà, ọkùnrin kankan kò sì gbọdọ̀ là á mọ́lẹ̀ fún un pé òun fẹ́ ẹ sílé. Mo fi gbogbo ìtàn náà kọ́ sórí òǹkà ọjọ́ yìí. Àdìgún ń ka ọjọ́, ọlọ́pàá tó ń wá ẹni tó pa ọkùnrin náà ń ka ọjọ́. Mo ka orí kẹsàn-án fún ààfáà àdúgbò wa kí n tó fi í síta, torí mo ti jẹ́ kí Sílífá rí i níbẹ̀ pé òun ti lóyún ọkọ òun. Ààfáà fọwọ́ dá mi dúró. Ó ní, "Ọmọ mi, òǹkà rẹ ti yàtọ̀. Bí opó bá lóyún, ọjọ́ tó bá bímọ ni opó rẹ̀ tán."

Gbólóhùn kan yẹn fún mi ní apá tí mo fẹ́ràn jù nínú ìtàn náà. Ẹ̀yin tí ẹ ń ránṣọ mọ̀ pé a máa ń fi ààyè sílẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ aṣọ fún ẹni tó lè sanra. Íǹṣì kan ti tó. Àdìgún fi mẹ́ta sílẹ̀ fún Sílífá. Ẹnikẹ́ni ò tíì sọ fún un pé obìnrin náà lóyún, ojú télọ̀ ló fi rí i. Lóṣooṣù ni Sílífá ń gbé aṣọ náà padà wá, lóṣooṣù ni Àdìgún ń mú abẹ, ó ń tú ojú ìránṣọ tí òun fúnra rẹ̀ rán, ó ń fẹ aṣọ náà fún ọmọ ẹni tí òun pa. Mo sunkún nígbà tí mo ń kọ ọ́. N kò tijú láti sọ ọ́.

Mo kọ́ ẹ̀kọ́ púpọ̀ lẹ́nu àwọn oníbàárà. Mo ti kọ ọ́ pé wọ́n bá òkú náà láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ọwọ́ rẹ̀ rọ̀ bí ọwọ́ ẹni tó ń sùn. Nọ́ọ̀sì kan tó wá gba aṣọ ló sọ fún mi pé kò rí bẹ́ẹ̀: láàárín wákàtí bíi méjì sí mẹ́fà ni òkú ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í gan, ní nǹkan bíi wákàtí méjìlá á ti gan pátápátá, ó sì di ọjọ́ kejì sí ìkẹta kí ó tó tún rọ̀. Agbẹjọ́rò kan náà bá mi wí nítorí pé mo jẹ́ kí adájọ́ májísíréètì dá ẹjọ́ ikú. Ilé-ẹjọ́ gíga ló ń gbọ́ ẹjọ́ ìpànìyàn. Ikú ni ìjìyà rẹ̀ nínú abala 319 ìwé òfin ìwà ọ̀daràn, wọn kò sì lè pa ẹni tí ìjọba ìpínlẹ̀ bá dá lẹ́jọ́ àfi bí gómìnà bá fọwọ́ sí i. Mo tún gbogbo rẹ̀ ṣe.

Ohun tí n kò tètè rí ni mo fẹ́ sọ.

Láti kékeré ni mo ti fẹ́ràn ìtàn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́. Lápàdé, ọlọ́pàá àtijọ́ tí Ọládẹ̀jọ Òkédìjí fún wa ní 1969, ló kọ́ mi pé èdè Yorùbá lè sáré. Ṣùgbọ́n ẹ̀yìn ẹni tó ń lépa la máa ń wà nínú ìtàn bẹ́ẹ̀. Èmi fẹ́ jókòó ti ẹni tí wọ́n ń lépa, kí n gbọ́ bí àyà rẹ̀ ṣe ń lù, kí n mọ̀ bóyá ẹni tó lè gbowó pa èèyàn lè fẹ́ràn èèyàn lóòótọ́. Mo rò pé ó lè fẹ́ràn. Mo ṣì rò bẹ́ẹ̀ títí di òní. Mo wá fi gbogbo ọgbọ́n orí mi ṣiṣẹ́ lórí ìfẹ́ náà, títí àwọn olùgbọ́ mi fi ń gbàdúrà fún Àdìgún. "Ẹ jọ̀ọ́ Àǹtí, ẹ má jẹ̀ẹ́ kí wọ́n mú un." "Ṣé kò tíì jìyà tó ni?" Ọmọbìnrin kan fi ohùn ránṣẹ́ sí mi láàjìn, ó ní òun ń bẹ Ọlọ́run kó fún òun ní ọkùnrin tó lè pààyàn nítorí òun. Mo gbọ́ ohùn yẹn lẹ́ẹ̀mẹta. N kò lè sùn mọ́. Mo dá a lóhùn pé Àdìgún kò pa ẹnikẹ́ni nítorí Sílífá, owó ló gbà. Ó ní òun mọ̀, ṣùgbọ́n ìyẹn ti kọjá.

Nínú oṣù Ògún, Màmá kan gbé léèsì funfun ọ̀pá márùn-ún wá. Wọ́n fẹ́ fi ṣe fìdáù ọdún kẹwàá ọmọ wọn ọkùnrin. Ẹnu ọ̀nà ilé rẹ̀ ni wọ́n ti pa á lálẹ́ ọjọ́ kan, wọn kò sì rí ẹni tó pa á títí di òní. Ọmọ-ọmọ wọn ló máa ń gbé ìtàn mi sí wọn létí ní gbogbo ọjọ́ Jímọ̀. Mo dúró lẹ́yìn wọn, mo ń wọn ejìká wọn, egungun ejìká náà sì rí tẹ́ẹ́rẹ́ lábẹ́ tépù bí ìgbà tí mo di ẹyẹ mú.

Wọ́n ní, "Ìtàn rẹ dùn, ọmọ mi. Ṣùgbọ́n kí ni orúkọ ọkọ Sílífá?"

Mo ní, "Ọkọ Sílífá wo, mà?"

"Èyí tí télọ̀ pa."

Mo la ẹnu, kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Orí mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni mo ti kọ. Mo mọ orúkọ ọmọ iṣẹ́ tó ń to bọ́tìnnì fún Àdìgún. Mo mọ orúkọ ajá tó gbó lóru ọjọ́ náà.

Mo ní, "N kò fún un lórúkọ, mà."

Màmá mirí. "Mo ti ń dẹtí sí i láti oṣù Igbe. Mo rò pé oorun ló ń gbé mi lọ nígbà tí o bá dárúkọ ẹ̀."

Wọn ò bínú. Wọ́n na ọwọ́ kejì kí n wọ̀n ọ́n. Wọ́n wá ń sọ fún mi, bí ẹni ń tàkúrọ̀sọ lásán, pé ọwọ́ òsì ọmọ wọn gùn ju ti ọ̀tún lọ díẹ̀, pé télọ̀ tí kò bá mọ̀ á ba aṣọ rẹ̀ jẹ́. Mo kọ ìwọ̀n Màmá sílẹ̀, mo ṣì í kọ lẹ́ẹ̀mejì.

Lálẹ́ ọjọ́ yẹn ni mo rántí ìyá bàbá mi. Àlọ́ ọdẹ àti ẹfọ̀n ni mo máa ń bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n pa fún wa. Ọdẹ gorí igi láti pa ẹfọ̀n, ó rí i tí ẹfọ̀n bọ́ awọ rẹ̀ sílẹ̀ tó di arẹwà obìnrin, ó jí awọ náà gbé pamọ́ sínú àká, ó sì fẹ́ obìnrin náà. Wọ́n bímọ. Ìyáálé fún ọkọ lọ́tí mu títí ó fi tú àṣírí, ó sì fi ń kọrin gún ìyàwó lára pé, "Máa jẹ, máa mu, awọ rẹ ń bẹ láká." Obìnrin náà rí awọ rẹ̀, ó rẹ ẹ́ sómi, ó gbé e wọ̀, ó sì pa ìyáálé àti àwọn ọmọ rẹ̀ kó tó padà sínú igbó. Ó fi ìwo rẹ̀ sílẹ̀ fún àwọn ọmọ tirẹ̀, pé kí wọ́n máa fi pe òun. Ibi ìwo yẹn ni mo fẹ́ràn. Ṣùgbọ́n bí màmá àgbà bá dé ibi àwọn ọmọ ìyáálé, wọ́n máa ń dárúkọ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n á sọ èyí tó fẹ́ràn ẹ̀wà, èyí tó ń ṣe òkùnrùn. Ó máa ń sú mi. Mo máa ń ní, "Ẹ yára dé ibi ìwo, mà." Wọn kì í dá mi lóhùn, wọn kì í sì í yára.

Mo dá ìtàn náà dúró. Ọ̀pọ̀ èèyàn bínú, àwọn mélòó kan jáde, n kò sì dá wọn lẹ́bi. Láti oṣù Ọ̀wẹ́wẹ̀ títí di ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni mo fi tún un kọ láti ìbẹ̀rẹ̀. Múráínà ni orúkọ ọkọ Sílífá. Ó ga, ó fẹ́ràn àkàrà gbígbóná, ó máa ń yá àwọn káfíńtà ní pákó, kì í sì í tètè béèrè owó rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ṣáájú ikú rẹ̀ ni ó wọ ṣọ́ọ̀bù Àdìgún láti rán agbádá tí yóò wọ̀ lọ síbi ìgbéyàwó àbúrò rẹ̀. Àdìgún wọ̀n ọ́n láti ejìká dé kókósẹ̀. Wọn ò tíì gbé owó ikú rẹ̀ wá nígbà náà. Nígbà tí wọ́n gbé e wá, ó gbà á, agbádá náà sì wà lórí tábìlì níbi tí ó ti gé e tì. Ojú ewé Múráínà ló ṣáájú ti Sílífá nínú ìwé ìwọ̀n. Nígbàkígbà tí Àdìgún bá fẹ́ ṣí i dé ti obìnrin tó fẹ́ràn, ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ kọjá ti ọkọ rẹ̀.

Ìfẹ́ náà ò dínkù o. N kò yọ ọ̀rọ̀ kan kúrò nínú rẹ̀. Àdìgún ṣì fi íǹṣì mẹ́ta sílẹ̀, ó ṣì ń dúró lẹ́yìn fèrèsé títí Sílífá á fi wọ mọ́tò. Ṣùgbọ́n Sílífá fúnra rẹ̀ ló rí ojú ewé yẹn lọ́jọ́ kan tí wọ́n ní kó dúró díẹ̀, tí Àdìgún jáde lọ ra òwú. Ó rí i: "Múráínà, Bódìjà. Gígùn ṣòkòtò, 42." Ó mọ òǹkà yẹn. Òun ló máa ń ṣẹ́ etí ṣòkòtò fún un nílé. Ohun tó ṣe lẹ́yìn náà wà ní orí tó kẹ́yìn, ẹ máa gbọ́ ọ lọ́jọ́ Jímọ̀ tó ń bọ̀.

Ẹnìkan kó àtẹ̀jáde àkọ́kọ́ lọ síbòmíràn, ó fi ohùn tirẹ̀ kà á, kò dárúkọ mi. Ó dùn mí gan-an. Mo kọ̀wé sí i, kò fèsì. Owó epo jẹ̀nẹ́rétọ̀ jẹ púpọ̀ nínú èrè mi lọ́dún yìí, ṣùgbọ́n ọmọ iṣẹ́ mi méjì ló ṣe firídọ̀mù, ọ̀kan sì ti gba ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀.

Lọ́jọ́ Tọ́sìdeè tó kọjá, Màmá yà sọ́dọ̀ mi. Mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n jókòó, mo ka orí kìíní tuntun sí wọn létí. Wọ́n pa ojú dé. Nígbà tí mo kà á tán, wọ́n ní kí n tún un kà láti ibi tí Múráínà ti tẹrí ba kí orí rẹ̀ má baà gbá àtẹ́rígbà ṣọ́ọ̀bù. Mo tún un kà.

Wọ́n ní, "Ó ga tó bẹ́ẹ̀?"

Mo ní, "Ó ga, mà."

"Tèmi náà ga."

Ìgbà yẹn ni mo rántí pé láti oṣù Ògún, èmi náà ò tíì bi wọ́n ní orúkọ ọmọ wọn. Mo bi wọ́n. Wọ́n dárúkọ rẹ̀, orúkọ Mùsùlùmí àti oríkì rẹ̀, mo sì ṣí ìwé ìwọ̀n mi, mo kọ ọ́ sókè ojú ewé tiwọn.