Ohun tí eku mẹ́rìnlélógún fi yé mi

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ yàrá ìwádìí, ọ̀rọ̀ kan ni mo fẹ́ bá yín sọ, oṣù mẹ́jọ ni mo sì fi ṣòfò kí n tó mọ̀ ọ́n: kí ẹ tó sọ pé kẹ́míkà báyìí ló mú eku hùwà báyìí, ẹ kọ́kọ́ yẹ gbogbo ohun tí eku náà ń rí, tí ó ń gbọ́, tí ó sì ń gbóòórùn rẹ̀ wò.

Gbòǹgbò asofẹ́yẹjẹ ni mo ń ṣiṣẹ́ lé lórí nígbà náà, ní yàrá ìwádìí kan ní apá Sùúrùlérè. Àwọn oníṣègùn wa ti ń fi gbòǹgbò yìí tọ́jú wèrè láti ọjọ́ pípẹ́, nítorí ó máa ń mú kí ara ẹni tó ń ṣe wèrè rọlẹ̀. Mo ra tèmi lọ́wọ́ lẹ́kùlẹ́jà kan ní ọjà Jáńkárà ní Erékùṣù Èkó, mo sá a, mo lọ̀ ọ́, mo sì ń fún eku méjìlá ní omi rẹ̀ lójoojúmọ́, nígbà tí méjìlá yòókù ń mu omi lásán. Ohun tí a fi ń yẹ ìbẹ̀rù eku wò ni pákó kan tí a kàn bí àgbélébùú, tí a gbé sókè kúrò nílẹ̀: apá méjì ní ògiri, apá méjì ṣí sílẹ̀ gbayawu. Eku tí ẹ̀rù ń bà a máa sá sí ibi tó ní ògiri. Èyí tí ọkàn rẹ̀ balẹ̀ a máa jáde síta. Àwọn tó mu asofẹ́yẹjẹ ń jáde ju àwọn yòókù lọ, inú mi sì dùn gidigidi.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, bí mo ṣe ń pààrọ̀ omi wọn ni wọ́n mú iná lọ, kò sì pẹ́ tí jẹnẹrétọ̀ ẹ̀yìn ògiri fi bẹ̀rẹ̀ ariwo. Àwọn eku tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri náà na etí, wọ́n dúró gbagidi, wọ́n wá ká mọ́ra wọn ní kọ̀rọ̀ àgò, ìgbẹ́ wẹ́wẹ́ sì ń bọ́ nídìí wọn. Àwọn tó wà ní òdìkejì yàrá kàn dáwọ́ oúnjẹ dúró díẹ̀, wọ́n sì tún ń jẹ lọ. Mo ka àgò tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri: àwọn tó ń mu omi lásán ni gbogbo wọn pátá. Èmi fúnra mi ni mo tò wọ́n bẹ́ẹ̀, kí wọ́n má baà dàpọ̀ mọ́ àwọn yòókù. Nígbà tí mo gbé ọ̀rọ̀ náà dé ọ̀dọ̀ ọ̀gá mi, wọ́n yẹ ìwé mi wò, wọ́n ní, “Jẹnẹrétọ̀ lo ti ń wọ̀n láti ọjọ́ yìí, kì í ṣe gbòǹgbò.”

Mo tún un ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀. Kèké ni mo ṣẹ́ láti mọ àgò tí eku kọ̀ọ̀kan yóò wà, mo ń pààrọ̀ ààyè àwọn àgò lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ẹlòmíràn tí kò mọ èyí tó mu gbòǹgbò nínú wọn ló sì ń wo fídíò. Ìyàtọ̀ tó kù kéré débi pé n kò lè gbé e jáde.

Ẹ wo iṣẹ́ ẹni tó ṣe é bó ṣe yẹ, nítorí ọ̀dọ̀ ìbátan igi kan náà ni ọ̀rọ̀ ti ṣẹ̀. Ní 1952 ni wọ́n yọ reserpine, èròjà tó ń mú ara rọlẹ̀, láti ara ìbátan asofẹ́yẹjẹ tó ń hù ní Íńdíà. Ó wà nínú tiwa náà. Ehoro tó bá gbà á kò ní lè mira mọ́. Ṣùgbọ́n serotonin, noradrenaline àti dopamine, kẹ́míkà mẹ́ta tí àwọn sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ fi ń ránṣẹ́ síra wọn, ni reserpine máa ń gbọ́n kúrò nínú sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ pọ̀, nítorí náà ìdákẹ́jẹ́ẹ́ ehoro nìkan kò lè sọ èyí tó fà á. Ní 1957, Arvid Carlsson, onímọ̀ nípa oògùn, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Sweden fún irú ẹranko bẹ́ẹ̀ ní èròjà tí ara fi ń ṣe serotonin, kò dìde. Wọ́n fún un ní L-DOPA, èròjà tí ara fi ń ṣe dopamine àti noradrenaline. Láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, ó ti ń rìn. Nígbà tí wọ́n wá wọ̀n ọ́n, noradrenaline kò tíì padà sínú ọpọlọ, dopamine ló ti padà. L-DOPA yìí ni a fi ń tọ́jú àwọn tó ní àrùn Parkinson, èyí tó máa ń mú ara gbọ̀n tí kì í sì í jẹ́ kí èèyàn lè rìn dáadáa, títí di òní. Ohun tí mo fẹ́ràn jù nínú iṣẹ́ náà ni pé wọ́n mú kúrò, wọ́n dá padà, wọ́n sì wọ̀n kí wọ́n tó sọ̀rọ̀.

Ẹ ṣọ́ra pẹ̀lú fún àwọn tó ń pe dopamine ní kẹ́míkà ìgbádùn. Wolfram Schultz, onímọ̀ nípa ọpọlọ, tẹ́tí sí àwọn sẹ́ẹ̀lì dopamine nínú ọpọlọ ọ̀bọ: bí omi èso bá dé láìròtẹ́lẹ̀, wọ́n á ta kìjí, nígbà tí ọ̀bọ bá ti mọ̀ pé gílóòbù kan máa ń tàn ṣáájú, gílóòbù ni wọ́n ń ta kìjí sí, bí ó bá sì tàn tí omi èso kò dé, wọ́n á dákẹ́ ní àkókò tó yẹ kó dé gan-an. Mo rò ó mọ́ àwọn eku mi. Wọ́n mọ bí ilẹ̀kùn ṣe ń dún kí n tó wọlé, wọ́n mọ òórùn ọwọ́ mi yàtọ̀ sí ti ẹlòmíràn, gbogbo èyí sì ti wà nínú ọpọlọ wọn kí gbòǹgbò tó dé ibẹ̀.

Ìwé tí mo ń lò báyìí ní ìlà fún wákàtí, ìlà fún ẹni tó gbé eku, àti ìlà tí mo fi gègé pupa kọ: ìgbà tí wọ́n mú iná lọ, ìgbà tí wọ́n dá a padà, àti iye ìṣẹ́jú tí jẹnẹrétọ̀ fi ṣiṣẹ́. Ẹnikẹ́ni tó bá wá kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi, ìlà pupa yẹn ni yóò máa kọ fún ọ̀sẹ̀ méjì kí ó tó fọwọ́ kan abẹ́rẹ́.