Wọ́n ní eku mẹ́rin ni mò ń lé

"Ẹni tó lé eku méjì á pòfo, ká má tíì wá sọ ti ẹni tó ń lé mẹ́rin." Èmi kọ́ ni wọ́n ń bá sọ ọ́, wọn ò tiẹ̀ mọ̀ pé mo wà nítòsí. Ṣùgbọ́n orúkọ mi ló ṣáájú ọ̀rọ̀ náà, mo gbọ́ ọ dáadáa, àtìgbà náà ló sì ti ń dún létí mi.

Mo kàwé díẹ̀ lónìí, mo dáhùn lẹ́tà, mo tún pa orí kẹta ìwé tí mò ń kọ tì.

Eku mẹ́rin náà ni ẹ̀ka ìmọ̀ tí mò ń dà pọ̀ nínú iṣẹ́ mi: báyọ́lọ́jì, físíìsì, ìmọ̀ ọgbọ́n orí, ẹ̀sìn. Ó dùn mí torí pé ẹni tó sọ ọ́ kì í ṣe òpè, kì í sì í ṣe ọ̀tá mi. Ká ní ọ̀tá ni, mi ò bá ti gbàgbé ẹ̀.

Mo ronú lọ sọ́dọ̀ Mendel, ẹni tó wádìí bí àbùdá ṣe ń ti ara òbí dé ara ọmọ. Mọ́ńkì ni, ìyẹn ẹlẹ́sìn Kátólíìkì tó ń gbé nílé àwọn tó fi ayé wọn fún Ọlọ́run, ní ìlú Brno. Wọ́n rán an lọ sí Yunifásítì Vienna, ó kọ́ físíìsì lọ́dọ̀ Doppler, ó padà dé, ó ń gbin irú ẹ̀wà tí wọ́n ń pè ní pea sínú ọgbà àwọn mọ́ńkì. Ó ń ka olódòdó eléséàlùkò, ó ń ka olódòdó funfun, ó ń ṣírò wọn: eléséàlùkò 3 sí funfun 1. Ó tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1866, ó kú ní 1884, ó di 1900 kí ayé tó mọ iyì ohun tó rí. Eku mélòó lòun lé? Lójú tèmi, ọ̀kan ni. Ihò ló pọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni èmi náà! Eku kan, ihò mẹ́rin. Inú mi dùn gan-an sí èsì yìí.

Àfi bí mo ṣe rántí Lemaître.

Àlùfáà Kátólíìkì ni, onífísíìsì sì tún ni, ọmọ Bẹ́ljíọ̀m. Òun ló kọ ọ́ ní 1927 pé àgbáálá ayé ń fẹ̀ sí i. Nígbà tí Póòpù Pius Kejìlá wá fi irú ìmọ̀ yìí ti ìgbàgbọ́ nínú Ẹlẹ́dàá lẹ́yìn ní 1951, inú àlùfáà yìí gan-an ni kò dùn sí i. Kò fẹ́ kí wọ́n fi físíìsì jẹ́rìí gbe Ọlọ́run, kò sì fẹ́ kí wọ́n fi jẹ́rìí tako Ọlọ́run. Lójú tiẹ̀, eku méjì ni. Ó lé méjèèjì, ọwọ́ ẹ̀ ò sì ṣófo. Kí wá ni mo fẹ́ sọ? Bóyá kì í ṣe ká má lé méjì, bóyá...

Mi ò mọ̀. Èwo ni wọ́n fẹ́ kí n jù sílẹ̀ ná? Ẹ̀sìn? Ibẹ̀ ni ìbéèrè mi ti ṣẹ̀. Ìmọ̀ ọgbọ́n orí? Ta ni yóò wá máa bi mí pé kí ni mò ń pè ní ẹ̀rí?

Ọ̀rọ̀ tó ń bà mí lẹ́rù jù, Perutz, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan, ló sọ ọ́ ní 1987. Schrödinger, onífísíìsì, ti sọ̀rọ̀ nípa ìwàláàyè ní Dublin ní 1943, ọ̀rọ̀ náà sì wà lára ohun tó fa Crick, tí físíìsì ni iṣẹ́ ẹ̀, wọ inú báyọ́lọ́jì. Perutz ní ohun tó tọ́ níbẹ̀ kì í ṣe ti Schrödinger, èyí tó sì jẹ́ tiẹ̀, púpọ̀ nínú ẹ̀ ni kò tọ́. Háà. Bí ẹnì kan bá sọ irú ẹ̀ sí iṣẹ́ mi ńkọ́?

Ṣùgbọ́n Perutz fúnra ẹ̀ dà? Oníkẹ́místìrì tó gba irinṣẹ́ àwọn onífísíìsì, ìtànṣán X, tó fi wádìí bí hemoglobin inú ẹ̀jẹ̀ ṣe rí, tí wọ́n fún ní ẹ̀bùn Nobel nítorí ẹ̀ ní 1962. Abẹ́ òun náà ni Crick wà ní Cambridge nígbà tí Crick àti Watson rí bí DNA, ohun tó ń gbé àbùdá láti ara òbí dé ara ọmọ, ṣe rí ní 1953. Mi ò ronú kan èyí rí. Oorun ti dá lójú mi báyìí, iṣẹ́ ẹ̀ lórí hemoglobin ni mo ṣí sílẹ̀ níwájú mi.